Etí tí kò darúgbó: John Peel àti orin rọ́ọ̀kì

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ orin rí. Nígbà tí ewú bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ lórí ènìyàn, orin ìgbà èwe rẹ̀ ni ó máa ń kà sí orin gidi. Orin àwọn ọmọ ìwòyí a sì di ariwo létí rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gba èrò yìí wọlé rárá. John Peel ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó fi fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì, síbẹ̀ etí rẹ̀ kò darúgbó.

Gìtá oníná àti ìlù ni a fi ń kọ orin rọ́ọ̀kì, ohùn rẹ̀ sì máa ń le. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1955. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú orin àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, tí àwọn kan nínú wọn gba èbúté Ouidah kọjá. Chuck Berry àti Little Richard, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn dúdú, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ orin náà di olókìkí. Elvis Presley, tí ó jẹ́ òyìnbó, wà lára wọn pẹ̀lú.

Ọmọ oníṣòwò òwú

Ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1939 ni wọ́n bí Peel, nítòsí ìlú Liverpool. John Ravenscroft ni orúkọ rẹ̀ láti ilé. Oníṣòwò òwú ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1956, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 17, ó gbọ́ orin Elvis Presley tí ń jẹ́ « Heartbreak Hotel ». Ó sọ nígbà tí ó dàgbà pé láti ọjọ́ náà ni ohun gbogbo ti yí padà fún òun.

Ní ọdún 1960, baba rẹ̀ rán an lọ sí Texas, ní Amẹ́ríkà, kí ó lè kọ́ òwò òwú lọ́dọ̀ àwọn tí ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú òwú. Ní ọdún 1964, òkìkí àwọn Beatles, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Liverpool, kàn dé Amẹ́ríkà. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ibẹ̀ ń wá ẹni tí ó lè ṣàlàyé wọn fún àwọn olùgbọ́. Àgbègbè Liverpool ni Peel ti wá, ó sì fi èyí rí ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ rédíò.

Ní ọdún 1967 ó padà sílé. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Radio London. Inú ọkọ̀ tí ó dúró lójú òkun ni rédíò yìí ti ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ìjọba kò fún un láṣẹ lórí ilẹ̀. Òfin tuntun pa á lẹ́nu mọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ní oṣù kẹsàn-án, BBC, ilé iṣẹ́ rédíò Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ tí ń jẹ́ Radio 1. Peel bọ́ síbẹ̀, ó sì lo ọdún 37 níbẹ̀.

Ohun tí ó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́

Peel kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú. Ní ọdún 1970, ẹgbẹ́ olórin Emerson, Lake & Palmer lu orin gígùn níwájú ọ̀pọ̀ èrò ní erékùṣù Wight. Peel sọ pé wọ́n fi ẹ̀bùn àti iná mànàmáná ṣòfò. Ẹni tí ó ti san owó iná rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó.

Òótọ́ inú rẹ̀ ba ọ̀rẹ́ jẹ́ pẹ̀lú. Ó ti ran akọrin kan lọ́wọ́, Marc Bolan, nígbà tí kò tí ì lókìkí. Nígbà tí ó di ọdún 1971, Bolan gbé orin tuntun jáde tí ń jẹ́ « Get It On ». Orin náà tà gan-an, ṣùgbọ́n Peel kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì ṣe tú ká nìyẹn.

Ní ọdún 1976, irú rọ́ọ̀kì mìíràn dé tí à ń pè ní pọ́ǹkì. Orin pọ́ǹkì kúkúrú, ó yára, kò sì ní ẹ̀ṣọ́. Peel bẹ̀rẹ̀ sí lu àwo àwọn Ramones, ẹgbẹ́ kan láti New York. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀ àtijọ́ bínú, wọ́n sì kọ̀wé sí i pé kí ó dẹ́kun. Kò dẹ́kun. Ẹni ọdún 36 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ orin náà kò sì tó ọmọ ọdún 25.

Orin tí ó fẹ́ràn jù lọ jáde ní ọdún 1978. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí ń jẹ́ The Undertones ni wọ́n kọ ọ́, ní ìlú Derry, ní Àríwá Ireland. Ní àkókò náà, àwọn ọmọ ogun wà ní ìgboro Derry, bọ́ǹbù sì ń dún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun kò sí nínú orin náà, tí ń jẹ́ « Teenage Kicks ». Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọmọbìnrin kan wù ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kò sì gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àwo orin ti kọ̀ wọ́n. Peel lu àwo wọn lórí rédíò. Nígbà tí ó parí, ó tún un lù lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀

Ìdíwọ́ kan wà fún BBC nígbà náà. Àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn olórin fi òpin sí iye wákàtí tí rédíò lè fi lu àwo lóòjọ́. Nítorí náà, BBC ní láti pe àwọn olórin wá kọrin ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí ó gbà á sílẹ̀, kí ó sì gbé e jáde. Peel sọ ìdíwọ́ yìí di àǹfààní fún àwọn tí kò ní alágbàwí. Ó lé ní 4 000 ìgbà tí àwọn olórin wá kọrin fún ètò rẹ̀. Bob Marley àti àwọn Wailers wá ní ọdún 1973. Ẹgbẹ́ The Fall, láti ìlú Manchester, wá ní ìgbà 24. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i láti ìlú gbogbo.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ṣílẹ̀kùn fún. Ní ọdún 1986, àwọn Bhundu Boys dé láti Zimbabwe pẹ̀lú gìtá wọn. Èdè Shona ni wọ́n fi ń kọrin. Peel kò gbọ́ èdè náà, síbẹ̀ nígbà tí ó rí wọn lórí ìtàgé, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé rẹ̀ ní abúlé kan ní Suffolk kún fún àwo orin. Àwo ńlá nìkan lé ní 26 000. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbọ́ nípa àpótí onígi kan tí ó kó àwo kékeré tí ó lé ní 140 sí, àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n fún un jù.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni ó kú, ní ìlú Cusco, ní ilẹ̀ Peru. Àyà rẹ̀ ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún 65 ni. Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, « Teenage Kicks » ni wọ́n lù fún un.

Ohun tí Peel máa ń sọ pé òun fẹ́ jù ni láti gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́ rí. Kò sọ pé gbogbo orin tuntun ni ó dára, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ ọ tán kí ó tó kọ̀ ọ́. Yorùbá ní agbọ́tẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ní alẹ́ òní, bí ọmọ ilé bá ń lu orin tí kò yé baba rẹ̀, kí baba jókòó tì í, kí ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà, bí ó bá fẹ́, kí ó wá sọ pé ariwo ni.