Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹpútà Yín Ńkọ́?

Púpọ̀ nínú wa kì í kọ orúkọ onígbèsè àti owó àjọ sínú ìwé mọ́, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tó yẹ ká tètè mọ̀.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows ló ní àgádágodo kan nínú, BitLocker lorúkọ rẹ̀. Ó ń da àkọsílẹ̀ wa rú, tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun, ó máa ń ti ara rẹ̀ ni, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa.

Ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú? Nǹkan kékeré kan ni nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní TPM. Ẹ fi wé mẹ́gáàdì ọjà. Bó bá rí i pé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tan lónìí bá ti àná mu, á ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí àtúnṣe tuntun bá yí nǹkan padà níbẹ̀, mẹ́gáàdì á ní òun ò mọ̀ yín rí. Nọ́ńbà 48 ló máa béèrè. Páásíwọọ̀dù ojoojúmọ́ kò lè ṣí i.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Àtúnṣe tí Microsoft fi ránṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2024 fa èyí fún àwọn kọ̀ǹpútà kan, oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó tún un ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó tún ṣe àwọn kan tó ń lo Windows 10.

Ẹni tí kò bá rí nọ́ńbà náà, Microsoft gan-an kò lè bá a ṣí i. Àtúnṣe tó kù ò ju kí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á gbowó ṣí i láìní nọ́ńbà, ẹ ṣọ́ra fún un o.

Kí la ó ṣe báyìí, nígbà tó ṣì ń ṣí?

1. Ẹ wọ àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣètò kọ̀ǹpútà náà, ibẹ̀ ni nọ́ńbà sábà máa ń wà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ tó bá yín tò ó ló lo àkáǹtì tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yín wà! Ẹ tètè gbà á.

2. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi pamọ́ sílé. Ẹ má fi sínú báàgì kọ̀ǹpútà.

3. Ẹ da àkọsílẹ̀ owó kọ síbòmíràn, bó ṣe ìwé, bó ṣe fláàṣì.

Owó àjọ kì í ṣe tẹnì kan. Ajé á wọgbá o.