Ẹ fẹ́ ra kẹ́ńtè bọ̀ láti Gánà? Ẹ yẹ ẹ̀yìn aṣọ wò kẹ́ ẹ tó ná an

Gánà ò jìnnà, ọmọ Nàìjíríà ò sì nílò físà kó tó wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi máa ń gba Accra lọ tí ìsinmi bá dé, tí wọ́n á sì gbé kẹ́ńtè bọ̀ fún màmá, ọ̀rẹ́ tàbí àfẹ́sọ́nà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ́ńtè lọ́jà ni wọ́n fọwọ́ hun. Púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ bátànì kẹ́ńtè sí lára, bíi ti àǹkárá. Aṣọ títẹ̀ náà ò burú o. Ohun tó burú ni kẹ́ ẹ san owó aṣọ híhun lé e lórí.

Kí ni kẹ́ńtè gan-an?

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ahunṣọ á jókòó sídìí òfì, á hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí ìbú ẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 4. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e, tí wọ́n á rán an pọ̀. Aṣọ ńlá tí ọkùnrin ń dà bora lè gba tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 24. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni.

Bonwire, lẹ́bàá Kumasi, ni ìlú tí òkìkí ẹ̀ kàn jù láàárín àwọn Àṣáńtì. Àwọn Ewe náà ń hun tiwọn ní agbègbè Volta, ní ìlú bí Agotime-Kpetoe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO kọ iṣẹ́ yìí mọ́ àwọn àjogúnbá àṣà aráyé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀

*Ẹ wá ojú ìránpọ̀.* Ẹ fi ìka tọ ibi tí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti pàdé èkejì. Tó bá jẹ́ àwòrán ìlà lásán lẹ rí, tí aṣọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ ló ṣe é.

*Ẹ yí i padà.* Òwú ló gbé àwọ̀ inú aṣọ híhun, torí náà ẹ ó rí bátànì lẹ́yìn bẹ́ ẹ ṣe rí i lójú. Ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn. Àmọ́ àwọ̀ aṣọ títẹ̀ míì máa ń là dé ẹ̀yìn, ẹ má fi èyí nìkan ṣèdájọ́.

*Ẹ gbé e lọ́wọ́.* Aṣọ híhun nípọn, ó sì wúwo. Bátànì ẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀ níbì kan, torí ọwọ́ èèyàn kì í dọ́gba bí ẹ̀rọ.

*Ẹ béèrè orúkọ ẹ̀.* Bátànì kẹ́ńtè ní orúkọ, bíi Adweneasa tàbí Sika Futuro. Ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà á sọ ọ́ fún yín.

Ó wá ku nínáà

Ohun àkọ́kọ́: ṣé iye tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pè, àbí ti odindi aṣọ? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sí kòtò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ìsọ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú sídì lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ ní “te so kakra”, ìyẹn “ẹ dín in kù díẹ̀” lédè Twi, ọ̀rọ̀ á rọrùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ so ẹ̀gbà mọ́ yín lọ́wọ́ tàbí kọ orúkọ yín sí nǹkan “lọ́fẹ̀ẹ́”, ẹ tètè sọ pé rárá. Tó bá parí ẹ̀ tán, owó ló máa béèrè.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọwọ́ ló hun ún, ẹ má ná an títí ahunṣọ ò fi ní rí owó òwú ẹ̀. Ayédèrú tí kò wọ́n ló ń gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun kan náà ló sì ń bá àwọn aláṣọ òkè tiwa fínra. Tówó yín ò bá tó odindi, ẹ ra tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi sọ́rùn. Ojúlówó ni, kò sì ní gba àyè nínú báàgì.