Igi Tí Ó Tọ́ Nínú Igbó: Ìtọ́jú Igbó Ìdílé àti Lílo Ayùn Ẹlẹ́rọ



1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa wí pé igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ọmọ ènìyàn ni a sáábà máa ń fi òwe náà bá wí, pé ẹni rere kì í pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n kí ó tó di òwe, òtítọ́ ọ̀rọ̀ nípa igi gan-an ni. Ẹni tí ó wọ igbó láti gé òpó ilé, èyí tí ó tọ́ ni yóò gé. Èyí tí ó wọ́ ni yóò fi sílẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e yóò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí èyí bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún, kí ni yóò kù nínú igbó náà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn. N kò sọ ti igbó ọba tí ìjọba ń ṣọ́, irú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó ìdílé ni mo ní lọ́kàn: ilẹ̀ hẹ́kítà kan tàbí méjì tí bàbá gbin tíìkì sí, tàbí ìwọ̀nba igbó tí ó kù sí ẹ̀bá oko kòkó. Irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ẹbí máa ń tà ní ọjọ́ kan ṣoṣo nígbà tí owó ilé-ìwé tàbí ti ìsìnkú bá dé bá wọn lójijì.

2. Irúgbìn ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀

Kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò ta gbogbo àgbàdo tí ó yọmọ dáadáa, kí ó wá fi èyí tí kò yọmọ ṣe irúgbìn. Ohun tí a kò jẹ́ ṣe nínú oko yìí ni a ń ṣe nínú igbó lójoojúmọ́. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo wíwọ́ igi ni ó jẹ́ àjogúnbá. Òjìji igi mìíràn, iná àti ìtàkùn lè wọ́ igi. Síbẹ̀, apá kan nínú ìrísí igi ń ti ara irúgbìn wá. Nítorí náà, igi tí a bá fi sílẹ̀ lónìí ni òbí igbó ọ̀la.

Ìrókò jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Igi yìí ní akọ, ó sì ní abo, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì péré ni ó wà ní agbègbè kan, tí a sì gé ọ̀kan, èyí tí ó kù lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìbímọ. Àdán ni ó sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri lóru. Àwọn baba wa kì í gé ìrókò láìṣe ètùtù, nítorí wọ́n ní iwin ń gbé inú rẹ̀. Ohun yòówù kí a rò nípa iwin náà, ìbẹ̀rù rẹ̀ dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá igi sí. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá gbin ìrókò nìkan sójú kan, kòkòrò kékeré kan a máa mú kí ọ̀mùnú rẹ̀ wú bí kókó, tí yóò sì kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọmọ ìrókò tí ó hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi mìíràn, kí ó má fi àdá pa á.

3. Bí a ṣe ń tọ́jú igbó kékeré

Bí a bá gbin tíìkì ní mítà méjì àbọ̀ sí ara wọn, igi 1,600 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Ilẹ̀ náà kò lè tọ́ gbogbo wọn dàgbà. Bí a kò bá yọ nínú wọn, gbogbo wọn ni yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, kò sì sí èyí tí yóò di gẹdú. Nítorí náà, nígbà tí orí wọn bá ti ń kan ara wọn, tí ó sáábà máa ń jẹ́ ní nǹkan bí ọdún karùn-ún, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sàmì sí igi tí wọn yóò gé. Ìmọ̀ràn mi yàtọ̀: ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà sàmì sí èyí tí ẹ óò fi sílẹ̀, èyí tí ó tọ́, tí ara rẹ̀ le, tí orí rẹ̀ sì kún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo àwọn tí ó ń fún un lọ́rùn, kí ẹ sì gé wọn. Wọn kò ṣòfò, nítorí a lè tà wọ́n fún òpó, fún ọ̀pá iṣu, tàbí fún igi ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni igbó yóò máa bọ́ ẹbí díẹ̀díẹ̀, tí a kò fi ní í tà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Tíìkì àti mẹlaína a máa rúwé láti inú kùkùté. Kí a gé kùkùté náà mọ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ dagun díẹ̀ kí omi òjò má baà dúró sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí yóò yọ, kí a fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀. Ní ti iná ọyẹ́, kí a ro ẹ̀bá igbó yíká kí ewéko tó gbẹ.

4. Ayùn ẹlẹ́rọ

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kò sí ibi tí òwe yìí ti wúlò tó ìdí igi tí a fẹ́ gé. Kí a tó tan ẹ̀rọ, kí a wo ibi tí igi fì sí, ẹ̀ka gbígbẹ tí ó wà lókè, àti ìtàkùn tí ó so ó mọ́ òmíràn. Kí a ṣán ọ̀nà tí a óò gbà sá, kí ó dagun sẹ́yìn, kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀gangan ẹ̀yìn igi, nítorí ìdí igi lè ta sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tí kò bá níṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi náà.

Ìwọ ẹnu kan ni a óò kọ́kọ́ gé sí ìhà tí igi yóò ṣubú sí, tí yóò jìn tó ìdá kan nínú mẹ́rin igi náà. Lẹ́yìn náà ni a óò gé e láti ẹ̀yìn, sókè díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ẹnu náà lọ. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gé e já. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ kù láàrin, ìdá kan nínú mẹ́wàá igi náà: bí igi bá fẹ̀ tó ogójì sẹ̀ǹtímítà, kí a fi mẹ́rin sílẹ̀. Apá yìí ni ó ń darí igi bí ó ti ń wó. Ẹni tí ó bá gé e já ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ afẹ́fẹ́. Bí igi bá sì há sára òmíràn, ẹ má ṣe gé èyí tí ó gbé e dúró, ẹ má sì ṣe rìn lábẹ́ rẹ̀. Okùn ni kí ẹ fi fà á láti òkèèrè.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, apá òkè ẹnu ayùn ni ó léwu jù. Bí ó bá kan igi, ayùn a ta padà sí ojú ẹni tí ó mú un. Nítorí náà, kí ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ mú, kí a má sì gbé e ga ju èjìká lọ. Bí ayùn bá ń tú ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú dípò èérún igi, ó ti kú nìyẹn. Kí a pọ́n ọn, nítorí ayùn tí ó kú a máa mú kí ènìyàn tì í lágbára. Akoto, ìdíná ojú, ìdíná etí, bàtà líle àti ṣòkòtò tí ó nípọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ariwo ẹ̀rọ yìí nìkan tó láti di ènìyàn létí.

5. Ìṣirò pákó

Ayùn ẹlẹ́rọ dára fún wíwó igi. Fún líla pákó, ó jẹ́ onílọ̀ọ́fẹ́lẹ̀ tí ń jẹ nínú ọjà olówó rẹ̀. Ipa tí ó ń là tó nǹkan bí mìlímítà mẹ́jọ. Bí a bá la pákó mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà mẹ́rìnlélógún, a ti sọ ẹ̀kẹrin di ìyẹ̀fun. Nítorí náà, níbi tí ọ̀nà bá wà, ó sàn kí a gbé ìtì igi lọ sí ilé ìlagi.

Kí ẹbí má sì ta igbó ní “gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀.” Kí wọ́n ka igi, kí wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà àyà ènìyàn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba kí ayùn tó dún. Ẹni tí kò mọ iye igi rẹ̀, oníbàárà ni yóò sọ iye rẹ̀ fún un.

6. Àgbálọgbábọ̀

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe, mo sì fẹ́ padà sí i. Òwe náà kò pàṣẹ pé kí igi títọ́ má pẹ́ nígbó. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Nígbà tí àdá àti àáké nìkan wà, igbó lè fara da àṣà náà. Ayùn tí ń wó igi ńlá láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ti gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá lè fi ọ̀dà sàmì sí igi títọ́ ogún péré lórí ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó so èso kí wọ́n tó gé e, àwọn ọmọ wa yóò rí òpó gé.