Ìdènà tàbí Ìdarí? Èdè-Ìperí fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ojú Ọ̀nà

1. Ìfáárà

Ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, kí ìgbà òtútù tó wọlé ni àwọn aláṣẹ ìlú ti máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà jọ láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tọ́jú títì nígbà òjò-dídì. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìlò ọkọ̀ tí a so abẹ irin fífẹ̀ mọ́ níwájú, ní ìwọ̀n iyọ̀ tí ó yẹ ní dídà sí ojú títì, àti ní àkókò tí ó yẹ kí wọ́n dà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí èdè Yorùbá lè rò pé orúkọ òjò-dídì ni yóò fún òun ní wàhálà jù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù ni orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò fún un ní ìtumọ̀ kíká nǹkan lọ́wọ́ kò àti títọ́ ọ sọ́nà; ìdènà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí àwọn atúmọ̀ lẹ́nu.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé ìdènà yóò ṣi òṣìṣẹ́ lọ́nà. A ó fi iṣẹ́ òjò-dídì ṣe àpẹẹrẹ ní ṣókí, lẹ́yìn náà a ó wá sí ilé, sí Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí omi òjò ti jẹ́ ọ̀tá títì gẹ́gẹ́ bí òjò-dídì ti jẹ́ ní ilẹ̀ òtútù.

2. Òjò-dídì, yìnyín àti omi dídì

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Òjò-dídì ni èyí tí ó ń bọ́ láti ojú ọ̀run ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Yìnyín ni èyí tí àwa náà ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú òjò, tí ó ń lu páànù bí òkúta. Omi dídì ni omi tí ó ti wà nílẹ̀, tí ó le gbagidi nígbà tí ojú títì tutù dé 0°C.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Abẹ irin lè gbá òjò-dídì lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti ká omi dídì tí ó ti lẹ̀ mọ́ títì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da omi oníyọ̀ sílẹ̀ kí òjò-dídì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Bí òtútù bá kọjá nǹkan bí -9°C, agbára iyọ̀ lásán a dín kù púpọ̀; yanrìn ni wọ́n sì máa ń fọ́n kí táyà lè rí ilẹ̀ dì mú. Bí atúmọ̀ kan ní London tàbí Chicago bá kọ yìnyín fún omi dídì tín-ín-rín tí ó bo títì, ẹni tí ó kà á yóò máa wo òkè nítorí ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sí èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí ó dá òjò-dídì dúró lójú ọ̀run. Gbogbo rẹ̀ ni láti mú un kúrò ní ibi tí yóò ti ṣe ibi.

3. Ìdènà àti ìdarí

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Ẹni tí ó dènà de ènìyàn dúró sí ojú ọ̀nà kí ẹni náà má lè kọjá. Ẹni tí ó darí nǹkan kọ orí rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí ó lọ. Bí a bá wí fún lébìrà pé kí ó dènà àgbàrá, kò ṣẹ̀ bí ó bá kó àpò yanrìn dí ẹnu gọ́tà: ohun tí a ní kí ó ṣe gan-an ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n omi tí a dí mọ́ inú gọ́tà yóò gun orí títì, yóò wá ojú ibi tí ọ̀dà ti là, yóò sì rin ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbingbin. Nígbà tí ọkọ̀ agégẹdú bá gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ tí ó ti rọ̀ yóò rì, ọ̀dà yóò fọ́, kòtò yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹnìkan lè fi òwe yìí gbe ìdènà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni onílé ń ṣe bí kò bá gbà? Ọkọ́ ni ó ń gbé, tí ó ń la ojú àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìdarí omi ni onílé ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ni a dábàá fún iṣẹ́ náà.

4. Ilẹ̀ méjì, ìṣe omi méjì

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka títọ́jú ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, tí olú rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àti ti Ogun Waterside, tí olú rẹ̀ wà ní Abigi. Bí èdè kan náà tilẹ̀ ni a ó fi kọ́ wọn, ilẹ̀ wọn yàtọ̀.

Àpáta líle àtayébáyé ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Àgọ́-Ìwòyè àti agbègbè rẹ̀, erùpẹ̀ pupa tí ó ní amọ̀ nínú ni ó sì bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ kíkankíkan, omi kì í tètè wọlẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ó ń sáré lé, ó sì ń gbẹ́ etí títì lọ. Ní apá etí ọ̀sà ní Ogun Waterside, yanrìn àti àbàtà ni ó pọ̀, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni omi ti ń gòkè wá bá títì. Gọ́tà nìkan kò lè gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ là; àfi kí a gbé e ga.

Bí olùkọ́ bá ń pe méjèèjì ní omi lásán, òṣìṣẹ́ tí a gbé láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Abigi yóò máa gbẹ́ gọ́tà fún omi tí kì í gba gọ́tà.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

A kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Oko ni a ti mú méjì wá, nítorí àgbẹ̀ ti ń darí omi kí títì tó dé. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti fìdí múlẹ̀, bíi gọ́tà, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Omi ojú: omi òjò tí ń ṣàn lórí títì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Omi abẹ́: omi tí ó wà nínú ilẹ̀ tí ó gbé títì dúró.
Omi adágún: omi tí ó dúró sójú kan lórí títì.
Poro ọ̀nà: ojú omi tí a gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìfi kọnkéré sí i.
Ebè ọ̀nà: ilẹ̀ tí a kó jọ tí a sì gún le, kí ọ̀nà lè ga ju omi abẹ́ lọ.
Ìdàgẹ̀rẹ́-ẹ̀gbẹ́: bí títì ṣe ń lọ sílẹ̀ láti àárín sí etí. Bí ó bá jẹ́ 2.5 nínú 100, tí apá kan títì sì fẹ̀ ní mítà 4, àárín yóò fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju etí lọ.
Ìdàgẹ̀rẹ́-gbọọrọ: bí títì tàbí gọ́tà ṣe ń lọ sílẹ̀ ní gígùn rẹ̀.
Lílẹ̀ títì: dídí kòtò gẹ́gẹ́ bí a ti ń lẹ aṣọ. Aránṣọ kì í lẹ aṣọ mọ́ ibi tí ó ti gbó. Bákan náà, a ó gé etí kòtò títí a ó fi kan ibi tí ó le, a ó kó ẹrẹ̀ àti omi kúrò, a ó fi ọ̀dà pa á lára, a ó sì máa gún ohun tí a fi dí i ní ìpele-ìpele.

6. Ìgbà ẹ̀kọ́

Gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn ṣáájú òjò-dídì, ó yẹ kí tiwa ṣáájú àkọ́rọ̀, nínú oṣù Èrèlé. Nígbà náà ni a ó la gọ́tà àti poro. Ìsinmi òjò inú oṣù Ògún ni ìgbà kejì, láti lẹ ohun tí òjò Òkúdù àti Agẹmọ bá bàjẹ́ kí àrọ̀kúrò tó dé. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe fi mọ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó mú àwọn òṣìṣẹ́ jáde lẹ́yìn tí òjò bá dá díẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí omi ojú gbà àti ibi tí ó ti di adágún.

Iṣẹ́ Ifẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ti fi hàn pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó kù kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwa onímọ̀ èdè tó tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ létí òṣìṣẹ́, kí a sì wo ibi tí yóò gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sí. Bí ó bá la ojú omi, ọ̀rọ̀ náà dára. Bí ó bá dí i, ẹ jẹ́ kí a wá òmíràn.