Ìfarapa Abẹ́nú Lára Odídẹrẹ́ Inú Ilé: Àwọn Àmì àti Èdè-Ìperí Wọn

1. Ìfáárà

Odídẹrẹ́ jẹ́ ẹyẹ tí ó lè pe orúkọ onílé, tí ó lè kí àlejò, tí ó sì lè sín ọmọdé jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fò jáde nínú àgò, tí apá fáànù gbá a, tàbí tí ó fi àyà sọ gíláàsì fèrèsé, kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún. Gbogbo ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n pè kò ràn án lọ́wọ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ohun méjì ni ó ń tọ́ka sí àìlera. Èkíní ni ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, bí àpẹẹrẹ, ‘orí ń fọ́ mi’ tàbí ‘inú ń run mí’. Orúkọ tí ó bá èyí mu ni ìfisùn. Èkejì ni ohun tí ẹlòmíràn lè fi ojú rí, tàbí kí ó fi ọwọ́ kàn lára aláìsàn, bí i ara gbígbóná, èémí yíyára àti ẹsẹ̀ wíwú. Èyí ni àmì. Ẹyẹ kò ní ìfisùn. Àmì nìkan ni ó ní. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ orúkọ àmì kò ní tètè rí i, kò sì ní lè ròyìn rẹ̀ bí ó ti yẹ fún oníṣègùn ẹranko.

2. Ìdí tí ìfarapa fi ń fara sin

Oríṣi ìfarapa méjì ni ó wà. Ìfarapa gbangba ni èyí tí awọ ti ya, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, tàbí tí eegun yọ síta. Ìfarapa abẹ́nú ni èyí tí awọ kò ya, ṣùgbọ́n tí eegun, ẹ̀dọ̀, ọpọlọ tàbí ohun mìíràn nínú ara ti bàjẹ́. Ìyẹ́ tí ó nípọn ń bo awọ ẹyẹ mọ́lẹ̀. Nítorí èyí, ibi tí ó wú tàbí tí ó yí àwọ̀ padà kò hàn sí ojú lásán.

Ìwà ẹyẹ fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Nínú igbó, ọ̀wọ́ ni odídẹrẹ́ ń jẹ̀. Èyí tí ó bá ń wọ́ lẹ́yìn ni ẹyẹ apẹran máa ń kọ́kọ́ dójú sọ. Láti inú èyí ni ó ti di àbínibí fún odídẹrẹ́ láti fi ìrora pamọ́. Bí ènìyàn bá súnmọ́ àgò, yóò ki ìyẹ́ mọ́ra, yóò nàró, yóò sì máa ṣa oúnjẹ bí ẹni pé ó ń jẹun. Bí onítọ̀hún bá kúrò níbẹ̀, yóò tún wú ìyẹ́, yóò sì di ojú. Nítorí náà, òkèèrè ni kí a ti kọ́kọ́ wò ó, láìfọwọ́kàn án. Kí a wò ó bóyá ó ń fọ́ èso tí ó gbé sẹ́nu, tí ó sì ń gbé e mì, tàbí ó kàn ń gbé e sọ sílẹ̀.

3. Ohun tí ó yẹ ní mímọ̀ nípa inú ẹyẹ

Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í fẹ̀ kí ó sì sọ̀ bí ti ènìyàn. Àwọn àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó ń ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ní. Orúkọ tí ó yẹ wọ́n ni àpò-èémí. Àwọn àpò wọ̀nyí tàn káàkiri àyà àti ikùn, wọ́n sì wọ inú àwọn eegun kan, pàápàá eegun apá òkè. Ìdí nìyí tí apá tí ó kán fi lè kó bá èémí.

Ẹyẹ kò sì ní iṣan tí ó dábùú àárín àyà àti ikùn, èyí tí ènìyàn fi ń mí. Igbá-àyà ni ẹyẹ ń gbé síwá sẹ́yìn kí ó tó lè mí. Ẹni tí ó bá fún odídẹrẹ́ mọ́wọ́ ní àyà ń dí i lọ́nà àtimí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú ni ó ní lọ́kàn.

Ẹ̀jẹ̀ ara ẹyẹ tó bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Odídẹrẹ́ tí ó wọn gíráàmù 450 ní ẹ̀jẹ̀ tí ó tó bí mìlílítà 45, ìyẹn bí ṣíbí tíì 9. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá dà sínú ikùn kì í ṣe ohun kékeré.

4. Àwọn àmì

(i) Èémí. Odídẹrẹ́ tí ara rẹ̀ le, tí ó sì sinmi, a máa pa ẹnu dé, ìrù rẹ̀ a sì dúró jẹ́ẹ́. Bí ìrù bá ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, ìmì-ìrù nìyẹn. Ó fi hàn pé ẹyẹ náà ń tiraka kí ó tó lè mí. Bí awọ ọrùn tàbí ti abíyá bá wú bí rọ́bà tí ọmọdé fẹ́ atẹ́gùn sí, ìwú-afẹ́fẹ́ ni. Àpò-èémí kan ti ya, afẹ́fẹ́ sì ti bọ́ sí abẹ́ awọ.

(ii) Èjìká. Eegun kan wà tí ó so èjìká mọ́ igbá-àyà, tí ó sì gbé apá dúró bí òpó ti ń gbé àjà. Òpó-èjìká ni orúkọ tí ó bá a mu. Ẹyẹ tí ó fi àyà sọ gíláàsì sábà máa ń ṣẹ́ ẹ. Ojú ọgbẹ́ kò ní sí, ṣùgbọ́n apá kan yóò rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ẹyẹ náà kò sì ní lè gbé e ga.

(iii) Orí. Ìmì-ọpọlọ ni kí ọpọlọ mì nínú agbárí nítorí ìkọlù. Àmì rẹ̀ ni kí orí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹyẹ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ wà ní ihò imú tàbí ní etí. Ẹyin ojú tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀ tún jẹ́ àmì kan. Ṣùgbọ́n ẹyẹ lè fẹ ihò ẹyin ojú rẹ̀ tàbí kí ó fún un pọ̀ bí ó ti wù ú. Nítorí náà, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó kan ojú méjèèjì dọ́gba kí á tó sọ pé wọn kò bára mu.

(iv) Ẹ̀jẹ̀. Ìṣẹ̀jẹ̀ abẹ́nú a máa fa ìjáyà-ara. Èyí yàtọ̀ sí ìjáyà ti ọkàn. Ìjáyà-ara ni ipò tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé àwọn ẹ̀yà ara tó mọ́. Lára ènìyàn, ètè tí ó funfun a máa fi í hàn. Ṣùgbọ́n ahọ́n odídẹrẹ́ dúdú, kò sì rọrùn láti fi ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ tútù, ìyẹ́ wíwú, àti jíjókòó sí ìsàlẹ̀ àgò ni kí a máa wò.

(v) Ìgbẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ìgbẹ́ gan-an, omi, àti ìtọ̀ funfun líle tí ó yẹ ní pípè ní ìtọ̀-ẹfun. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ náà dúdú bí ọ̀dà, ewu wà nínú. Ìtọ̀-ẹfun tí ó di àwọ̀ ewé lè jẹ́ ìkìlọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀.

(vi) Awọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, ojú ibi tí ìkọlù ti bà lè di àwọ̀ ewé. Èyí kì í ṣe kíkẹ̀. Ara ẹyẹ kò lè sọ aró ewé tí ó ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ di aró òféefèé bí ara ènìyàn ti ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ ológbò ni ó gbé ẹyẹ náà, ihò eyín rẹ̀ lè kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ lábẹ́ ìyẹ́, síbẹ̀ kòkòrò àrùn inú itọ́ ológbò lè pa ẹyẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

5. Ewu tí ó wà nínú èdè ojoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu onílé lẹ́yìn ìjàǹbá: ‘ó ń tòògbé’, ‘ẹ̀rù ló bà á’, ‘ara rẹ̀ ti balẹ̀’. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ṣe àmì. Ìtumọ̀ tí onílé fún àmì ni. Ẹyẹ tí wọ́n ní ó ń tòògbé lè wà nínú ìjáyà-ara; èyí tí ara rẹ̀ balẹ̀ lè jẹ́ èyí tí agbára ti tán nínú rẹ̀. Bí onílé bá gbé ìtumọ̀ lọ bá oníṣègùn dípò àmì, òun náà ti bá ẹyẹ pa ìfarapa mọ́. Ìròyìn tí ó wúlò ni: ‘Láti aago 3 ni ó ti dì ojú, ìyẹ́ rẹ̀ wú, ìrù rẹ̀ ń mì, kò sì tíì yàgbẹ́.’

6. Ìtọ́jú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn

Kí a gbé ẹyẹ náà sínú páálí tí a tẹ́ aṣọ sí, tí a sì dá ihò sí lára, níbi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò sì sí ariwo. Kí a má ṣe fi igi ìbà sí i, kí ó má baà tún ṣubú. Kí a má ṣe fi agbára da omi sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òrí àti àdí, tí ó dára fún ara ènìyàn, kò yẹ ìyẹ́: wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìyẹ́ kò sì ní lè mú ara móoru mọ́. Oògùn ìrora ti ènìyàn àti ọtí líle léwu púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀.

Bí ẹyẹ bá tilẹ̀ padà bà lé igi rẹ̀, tí ó sì fọhùn, kí a máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 48, kí a sì máa wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀. Òṣùwọ̀n kì í gba ẹ̀tàn: ẹyẹ tí ó ń díbọ́n pé òun ń jẹun yóò fúyẹ́.

7. Ìparí

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyẹ́ kan tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ fáànù ni ẹ̀fà. Òpó-èjìká tí ó ṣẹ́, àpò-èémí tí ó ya, àti ìṣẹ̀jẹ̀ abẹ́nú ni ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn orúkọ wọ̀nyí bá di ohun tí ó yọ̀ mọ́ àwọn oní ẹyẹ lẹ́nu, wọn yóò lè sọ fún oníṣègùn ohun tí odídẹrẹ́, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kò lè sọ.