Ìlànà Tó Bá Iṣẹ́ Mu

Ọ̀rọ̀ wa tòní kan ẹni tó bá fẹ́ ta oúnjẹ fún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba.

Ká ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ kan fẹ́ ra gàrí mílíọ̀nù 2 náírà. Wọ́n wá ní kí ẹni tó máa tà á fi hàn pé òun ń pa mílíọ̀nù 20 lọ́dún, pé òun sì ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Ṣé gàrí ni wọ́n fẹ́ rà ni, àbí wọ́n fẹ́ lé àgbẹ̀ sẹ́yìn? Kí gàrí gbẹ, kí ó pé ìwọ̀n, kí ó dé lásìkò: ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè nìyẹn.

Ní Yúróòpù, òfin wọn ti 2014 ní iye tí wọ́n lè ní kí oníṣòwò máa pa lọ́dún kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì iye iṣẹ́ náà lọ, àfi bí ìdí gidi bá wà. Ti gàrí wa yìí, mílíọ̀nù 4 ni òpin rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tóbi, tí wọn ò sì pín in, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Ti Brazil ló wù mí jù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin rẹ̀ ní 2009, ó ya ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé sọ́tọ̀ fún ọjà àgbẹ̀ tí òun àti ará ilé rẹ̀ jọ ń dáko. Wọ́n lè rà á láìsí ìdíje onígbèésẹ̀ púpọ̀, bí iye rẹ̀ bá ti bá ti ọjà àdúgbò mu.

Níhìn-ín, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 béèrè ìmọ̀ iṣẹ́, irinṣẹ́ àti owó lọ́wọ́, kí ènìyàn má sì jẹ gbèsè owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ mú ìwé onígbọ̀wọ́ báńkì wá, kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 iye tí ẹ dá lé ọjà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bẹ òṣìṣẹ́ pé kó bá òun gé iṣẹ́ kéékèèké láti fi sá fún iye tí òfin fi pààlà, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àgbẹ̀ kan ṣoṣo lè má tó o. Ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀, tí ìwé owó orí rẹ̀ pé, lè tó o. Bí ìlànà bá sì ju iṣẹ́ lọ, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá tí ìnáwó ilé-iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá rí ìwé ìkéde náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ béèrè ní sẹkitéríàtì kí ẹ tó kọ ohunkóhun.