Rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn: Kí Ọmọ Gbọ́ Yorùbá Lẹ́nu Ẹlòmíì

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbí, ẹnu wa nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá, pàápàá nígbà tá a bá ń bá wọn wí. Tẹ́ ẹ bá ń mú wọn lọ sílé, ẹ gbé wọn wọ rélùwéè láti Èkó lọ sí Ìbàdàn.

Alágómejì, ní Èbúté-Mẹ́tta, lẹ ó ti wọkọ̀. Ojú irin tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ti dé Ìbàdàn láti 1901.

Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ sùn síbẹ̀, torí ọkọ̀ kì í kọjá lemọ́lemọ́. Àwọn afinimọ̀nà wà ní Olúmọ tí yóò mú yín gun àpáta, tí wọn yóò fi ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun hàn yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé. Èyí tí kò bá yé ọmọ, ẹ má sáré túmọ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ béèrè. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá.

Ní Ìbàdàn, Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ wà. Ẹ wọ takisí lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929. Láti orí òkè yẹn, ẹ ó rí òrùlé páànù lọ súà.

Tí Yorùbá tiwa náà bá ń mẹ́hẹ, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ẹ bá ọmọ béèrè. Ọmọ tó bá rí i pé òbí òun ṣì ń kọ́ èdè yìí á mọ̀ pé ó níyì.